Ẹni Tó Di Iwájú Ọ̀pá Mú

Ní kíláàsì kẹrin, nílé-ìwé wa lẹ́bàá rélùwéè Òṣogbo,
Tíṣà Oyèwùsì kọ ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan sójú pátákó,
lẹ́tà mẹ́rin péré.
Ó ní ká lọ bi àwọn ará ilé wa ohun tí Yorùbá ń pè é,
kí ẹnikẹ́ni má sì mú ìtumọ̀ kan ṣoṣo bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Gbádébọ̀ ní, "Ṣáájú ni."
Ìyá mi wà nídìí kànga. "Fà ni," ó ní,
"bí mo ṣe ń fa okùn yìí."
Àgbò Iléyá tí wọ́n so mọ́ ìdí igi iṣin gbọ́, ó ké bẹ̀ẹ̀ẹ̀.
Lánàá, láti Ọjà Ọba dé Ayétòrò,
Àlímì ló di okùn àgbò yẹn mú,
àgbò ló fa Àlímì gba inú gọ́tà.
Kí là ń pe ìyẹn?

Lèmọ́mù àdúgbò ní, "Ṣíwájú ni, ọmọ mi.
Ṣùgbọ́n wò mí dáadáa bí a bá ń kírun:
ibi tí ẹ kọjú sí ni mo kọjú sí.
Bí mo bá ṣì í kà, ará ẹ̀yìn ní í tún un ṣe fún mi."

Ó wá ku bàbá mi,
tó fi ọdún mọ́kàndínlógún gbé àsíá sókè fún ọkọ̀ ojú irin
kí ojú rẹ̀ tó ṣú.
Ó ní òun ò ṣáájú ọkọ̀ kankan rí,
ẹsẹ̀ òun ò kúrò lójú kan,
síbẹ̀ ọkọ̀ ń gbọ́ tòun.
Lẹ́yìn náà ó ní, "Mú ọ̀pá. Ọjọ́ ilé-ìwòsàn ni."

Mo di iwájú ọ̀pá mú, ó di ẹ̀yìn mú.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí.
"Amọ̀nà, o kú iṣẹ́ o!" ìyá oníbúrẹ́dì ló ń kí mi,
orí mi sì wú.
Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń ti ẹ̀yìn ọ̀pá bọ̀:
"Òórùn búrẹ́dì ti parí. Yà sọ́tùn-ún.
Ẹsẹ̀ mi ti kan òkúta wẹ́wẹ́. Dúró, gbọ́ irin.
Kò sí ọkọ̀. Kọjá.
Níbi tí ayùn ti ń lagi, òsì la ó gbà."
Ojú tèmi, ọ̀nà tirẹ̀.
Ta ló mú ta lọ?

Àwọn àgbà ní ará iwájú tó jìn sí kòtò
kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.
Wọn ò tíì rí àwa tí ọ̀pá kan so pọ̀.
Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò tí mo fi jìn,
bàbá mi sì jìn lé mi lórí.
Ó rẹ́rìn-ín nínú ẹrẹ̀.
"Kọ ìyẹn náà sínú ìwé rẹ."

Lọ́jọ́ kejì Tíṣà ní ọ̀rọ̀ náà tún ń jẹ́ òjé,
lẹ́tà kan ò yí padà, ohùn ló yí.
Ẹnu ò yà wá; àwa tí à ń pe ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́.
Mùbáárákù, ọmọ oníbátìrì, yọ òjé kan nínú àpò,
ó fi lé mi lọ́wọ́.
Ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ.

Bàbá mi ti lọ. Ọ̀pá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan wá sójúlé wa,
ó fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀, ó ní òun fẹ́ ṣáájú wa.
Mo bi í bóyá ó mọ
ibi tí òórùn búrẹ́dì ti ń parí.
Ó rò pé ebi ló ń pa mí.
Ó ní kí wọ́n gbé búrẹ́dì kan fún mi nínú mọ́tò.
Mo gbà á.
Ó fúyẹ́.