Ìpín Ẹran

Owó kòkó èṣí ni mo fi rà á,
ní Òkè-Lísà, l'Óǹdó, lẹ́yìn ilé opó Akínṣíkù,
níbi tí ó ti fara ti ògiri ilé ìdáná,
tí aláǹtakùn ń fi ẹnu rẹ̀ ṣe ilé.
Ìbọn ọlọ́ta kan. Kò ní ẹnu kejì tí yóò fi tọrọ àforíjì.
"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin," ni ìyá náà wí.
Mo ní ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ó ní ìpẹtà kì í ṣe gbèsè òun.
A ná an títí adìyẹ fi wọlé sùn.
Mo san ọgọ́ta lé méjì. Ó fi àpò awọ kan ṣe ènì,
àpò tí òógùn ọkùnrin ṣì ń rùn lára rẹ̀.
Bí mo ti ń lọ, ó ní: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún un ṣe jù."
Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Mo lọ gba ìwé àṣẹ.
Ọmọkùnrin tó wà nídìí tábìlì bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi í ṣe.
Ọ̀yà, mo ní. Ọ̀yà tó ń jẹ pákí mi lọ́nà Ọ̀wẹ̀nà.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀: ọ̀yà. Ó fi báírò yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

Fàmúàgùn alágbẹ̀dẹ gbé e sórí itan bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.
Ó ṣẹ́ ẹ láàárín, ó wo ojú ọ̀run láti inú ihò rẹ̀:
oṣùpá kékeré kan, ó ní, ṣùgbọ́n oṣùpá náà ti ní egbò.
Ọjọ́ mẹ́rin ló fi àkísà àti àdín fọ inú rẹ̀,
àdín pupa jáde, àdín pupa,
lẹ́yìn náà àdín tó jọ àdín.
Sípíríǹgì ti rẹ̀. Òòlù rẹ̀ ń ṣubú bí àgbàlagbà tó ń jókòó.
Ó rọ òmíràn láti ara irin alùpùpù kan tó ti kú.
"Báyìí," ó ní, "bí o bá fà á, kò ní rò ó kí ó tó dáhùn."

Ìdí rẹ̀ ni mo gbé lọ fún Lébí gbẹ́nàgbẹ́nà.
Igi apá ni. Ó ti là, wọ́n fi wáyà dè é.
Ilà méjìlélógún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀bẹ ló fà wọ́n.
"Ṣé kí n fá wọn?"
Mo rò pé ẹran tó pa ni. Mo ní kí ó fá wọn.
Ìyẹ̀fun igi náà wọ̀ wá nímú.

Ó wá dán. Ó dán débi pé ojú ń tì mí láti gbé e gba inú ẹrẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì mo gbé e lọ han opó náà.
Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró. Ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí ilà wà,
bí ẹni tó ń wá ìṣáná nínú òkùnkùn.
"Ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta, ó máa ń kọ̀," ó ní.
"Yóò fà á: kẹ́. Ẹran á gbójú sókè, á bá tirẹ̀ lọ.
Ọkọ mi kì í bú u. Á ní ìpín ẹran nìyẹn.
Á délé, á fa ilà kan fún èyí tó lọ."

N kò mọ ohun tí mo wí.
Bóyá mo ní ó dàárọ̀. Oòrùn ṣì wà lókè.

Lálẹ́ àná, lábẹ́ kòkó, iná orí mi bá ojú méjì pàdé.
Kì í ṣe ọ̀yà. Ẹtu ni, kékeré, ewé lẹ́nu rẹ̀.
Ẹ̀tù nínú ọ̀pá, ẹtu nínú ìmọ́lẹ̀,
àmì ohùn méjì péré ló yà wọ́n,
àmì ohùn méjì, àti ìka mi.
Mo dúró kí ìbọn kọ̀.
Mo gbàgbé pé mo ti sanwó kí ó má baà kọ̀ mọ́.

Èmi ni mo wá ṣe "kẹ́" náà fúnra mi,
pẹ̀lú ahọ́n, bí ọmọdé.
Ẹtu gbójú sókè.

Láàárọ̀ yìí mo wá ọ̀bẹ.
Igi náà le ju bí mo ti rò lọ.
Ilà kìíní wọ́ díẹ̀.