Èmi Ni Mo Di Aago Mú

Oko Bàbá ló ti kọ́ omi,
láàrin gẹdú tó léfòó, tí ọ̀sà ń rùn bí èèpo igi.
Ìyá wa á ké láti ẹnu ọ̀nà:
"Ìbíyẹmí, igi á fún ọ pa!"
Igi ò fún un pa.
Yóò yọ lódìkejì, èérún pákó lórí irun,
ẹ̀rín rẹ̀ bíi tẹni tó jí ẹran jẹ.

Kóòṣì Ṣódípẹ̀ ló mú un lọ sí Yábàá,
ló kó aago lé mi lọ́wọ́,
torí mo kéré láti wọ omi, mo sì mọ nọ́ńbà.
Nínú ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n ń gbà lúwẹ̀ẹ́, labalábá ló mú,
èyí tí apá méjèèjì ń fò lẹ́ẹ̀kan náà,
tí ìbàdí ń na omi lẹ́gba.
Àwọn ọmọkùnrin fi ṣe yẹ̀yẹ́:
labalábá fi ara wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ.
Ó ní, "Ẹ bi ẹyẹ bóyá ó lè lúwẹ̀ẹ́."

Ọdún mọ́kànlá.
Ìyá wa fi okùn àmì-ẹ̀yẹ kan so ilẹ̀kùn ilé adìyẹ.
Èmi, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni mo rántí,
ní Sùúrùlérè,
tí ọwọ́ mi gbọ̀n tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má tẹ aago.

Wọ́n ní labalábá tó dìgbò lẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ á fàya.
Kò sí ẹ̀gún nínú omi.
Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ló fàya,
díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ ṣe ń ya lójú rírán.
Aago mọ̀ kí dókítà tó mọ̀.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo purọ́ fún un.
Lẹ́ẹ̀kẹta ó gba aago, ó wò ó,
ó dá a padà sí àtẹ́lẹwọ́ mi,
ó pa ìka mi dé lé e.

Ìdíje tó kẹ́yìn, ipò karùn-ún.
Kò tètè jáde. Ó rọ̀ mọ́ okùn
títí ọlọ́dẹ fi pa iná apá kan.

Gíláàsì fèrèsé ló ń tà báyìí.
Sátidé tó kọjá, ó ń sá aṣọ ìbùsùn lẹ́yìnkùlé,
kò sẹ́ni tó bá a dì í mú,
ló bá na apá méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan náà.
Èjìká dún kẹ́. Aṣọ tẹ́ sórí afẹ́fẹ́.
Mo wo ọwọ́ mi:
àtàǹpàkò mi ti tẹ ohun tí kò sí níbẹ̀.