Ṣéńjì Ẹni Méjì

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wọ kórópe kan náà ní Ọbantókó,
agogo méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Kì í ṣe pé iṣẹ́ ń lé mi léré:
fíríìjì tó ti bàjẹ́ kì í bínú sẹ́ni tó pẹ́ dé.

Ìdí fèrèsé tí kò ṣeé tì mọ́ ló máa ń jókòó sí.
Á yọ páálí pẹlẹbẹ kan nínú báàgì,
á ká a sí méjì, á fi há gíláàsì náà lẹ́nu,
ọyẹ́ á dákẹ́.
Mo wo páálí yẹn títí mo fi mọ àkọlé rẹ̀ lórí:
bìsíkíìtì, méjìlá nínú ọ̀kan, ẹ má gbé e sóòrùn.

Orúkọ bàbá rẹ̀ wà láyà aṣọ funfun rẹ̀: Ṣówùnmí.
Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà kan ṣoṣo, I, àti àmì ìdánudúró.
Í wo? Ìdòwú ni àbí Ìyábọ̀?
Mo ti fi lẹ́tà yẹn sọ ọ́ lórúkọ mẹ́rìnlá,
n kò pe ìkankan síta nínú wọn.

Kí n má purọ́, mo ti ṣe ìdánrawò.
Níwájú dígí, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, ọyẹ́ yìí mà pọ̀ o."
Ó dún bí ẹni tó ń ka ìròyìn ojú ọjọ́.
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ Ìdí-Àbà?"
Ìdí-Àbà tí wọ́n bí mi sí!
Àṣẹ̀rò á kọjá, ọ̀rọ̀ ò ní tíì jáde,
á fara pamọ́ sábẹ́ ahọ́n mi
bí àwọn baba wa ṣe fara pamọ́ sábẹ́ òkúta,
ogun kankan ò lè yọ ọ́ níbẹ̀.
Tó bá wá ṣèèṣì kọjú sí mi,
kíá ni mo máa ń dijú bí ẹni tó sùn.
Kódà, mo máa ń hanrun díẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, dírẹ́bà ti pariwo tẹ́lẹ̀:
"Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o! Mi ò gbẹ́jọ́!"
Mo fún un ní ẹgbẹ̀rún kan. Òun náà fún un ní ẹgbẹ̀rún kan.
Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù,
ọkùnrin náà ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn,
ó na bébà owó kan ṣoṣo tó ti gbó sí wa:
"Nọ́ọ̀sì, ìwọ àti bọ̀ọ̀dá onífìlà yẹn.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Mo so yín pọ̀."

Ẹ gbọ́ mi:
ohun tí mo fi oṣù mẹ́ta wá bí mo ṣe máa sọ,
dírẹ́bà tó ń jẹ orógbó so ó
láìpa ẹ́ńjìnnì.

Kútọ̀ ni mo ń lọ. Mo bọ́lẹ̀ ní Ìdí-Àbà.

A bi ẹlẹ́búrẹ́dì, kò ní ṣéńjì.
A bi oníkáàdì, ó ní àfi tá a bá máa rà.
A bi ìyá ọlọ́sàn, ó wò wá tòkè-tilẹ̀,
ó ní, "Tọkọtaya wo ló ń pín owó láàárọ̀ kùtù báyìí?"
Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá kó sí i.

Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín.
Ó ní, "Ẹ kú ojú oorun o.
Ẹni tó ń hanrun tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n,
irú oorun wo nìyẹn?
Mo ti ń retí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa jí."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ níwájú dígí,
kò sí èyí tó dá mi lóhùn.
"Páálí yín," mo ní, "ẹ... ẹ gbàgbé páálí yín sínú ọkọ̀."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ojú títì.
Kórópe ti lọ, páálí há sí i lẹ́nu.
"Hẹ̀n-ẹ́n. A jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa mú òmíràn wá lọ́la.
Ẹ mú owó náà dání. Tó bá wà lọ́wọ́ mi, ẹ tún lè sùn."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Kútọ̀,
ẹgbẹ̀rún kan lápò mi, ìdajì rẹ̀ kì í ṣe tèmi.
Mi ò tiẹ̀ béèrè ohun tí lẹ́tà yẹn dúró fún.
Mo tú fíríìjì kan palẹ̀, mo gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní páálí bìsíkíìtì nílé?