Kòtò Kọkànlá

Kòtò méjìlá ló wà lẹ́yìn ìlú wa,
létí adágún Titikaka, lórí òkè níbi tí èémí ti wọ́n.
Èmi Fermín ni mò ń ṣọ́ wọn lóru.
Omi ṣáláńgá, omi ìfọṣọ, ẹ̀jẹ̀ láti ibi ìpẹran,
gbogbo ohun tí ìlú kò fẹ́ mọ̀ mọ́
ń gba inú páìpù wá bá èmi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Eulalia Condarco.

Kì í bo imú.
Á bẹ̀rẹ̀, á bu omi sínú ìgò, á gbé e sí ìmọ́lẹ̀
bí ẹni ń wo ojú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.
“Fermín, ebi ń pa wọ́n.”
Àwọn wo? Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí,
tí ń gbé nídìí esùsú,
tí wọ́n ń jẹ ohun tí a sá fún, tí wọn kò sì kùn.

Ìyá rẹ̀ wá láti Oruro lọ́jọ́ kan, tòun ti fìlà dúdú rẹ̀.
“Mo ta màlúù mẹ́ta kí ọwọ́ rẹ lè kúrò nínú ìgbẹ́.
O kàwé, kàwé, ìdí ìgbẹ́ náà lo tún padà sí.”
Ọ̀jọ̀gbọ́n kò fèsì. Ó gbé àga fún un.

Oṣù Kẹfà, òtútù dé.
Omi dì bí àwo. Esùsú wó lulẹ̀, ó di àwọ̀ eérú.
Àwọn kòkòrò sùn; òórùn jí.
Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin, òru kan péré.
Ó ń ti kòtò kan bọ́ sí òmíràn,
ó ń kọ òdo, òdo, òdo sínú ìwé,
títí ó fi dé ìkọkànlá.
Níbẹ̀, esùsú tutù yọ̀yọ̀,
kì í ṣe tútù ti òtútù o.

“Ta ló fọwọ́ kan èyí?”
Àyà mi já.
Ara ògiri rẹ̀ ni mò ń da ìgbẹ́ àgùntàn mi sí láti ìgbà ìkórè ọ̀dùnkún,
nítorí ẹ̀yìn ń ro mí, àkìtàn sì jìnnà.
Mo ní kó foríjì mí, n ó kó o lónìí.
Ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà dé ìgbọ̀nwọ́,
ó dákẹ́.
“Fermín, ó gbóná bí búrẹ́dì àárọ̀.”

Òkìtì ti yí gbogbo wọn ká báyìí. Àwọn aládùúgbò ń bínú eṣinṣin.
Ìwé ìwádìí ti jáde; orúkọ mi wà níbẹ̀, wọ́n ṣì í kọ.
Omi tó ń jáde kò tíì ṣeé mu,
Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í jẹ́ kí n purọ́.
Ṣùgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ kan ti wà níbẹ̀ láti Ọjọ́rú,
kò bi wá léèrè nǹkan kan.