Ìka Kan Ò Tó

Èmi akọ̀wé ni mo ka ìbò ọjọ́ yẹn,
lábẹ́ igi máńgòrò ní Kéesì,
bírò ń da yíǹkì sí mi lọ́wọ́.
Ọgbọ̀n ilé. Ibi mẹ́ta tí a lè gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí.
Mẹ́tàlá ní kó wà lókè pátápátá, lẹ́bàá ilé Ṣóbándé.
Mẹ́sàn-án ní abẹ́ máńgòrò.
Mẹ́jọ ní ìsàlẹ̀, níbi tí àgbàrá ti ń yà wọ ojúlé.
Mo dìde, mo tún fìlà mi dé, mo ní:
"Òkè ló wọlé."
Wọ́n pàtẹ́wọ́.
Kò sẹ́ni tó bi mí pé akọ̀wé,
mẹ́sàn-án àti mẹ́jọ, mélòó ni?

Mẹ́tàdínlógún ni.
Mẹ́tàdínlógún ilé ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì gun àpáta láti ọjọ́ náà.
Mo ń rí wọn lójú fèrèsé mi:
Ìyá Ẹfúnyẹmí, ọwọ́ kan lórúnkún, ọwọ́ kan lára òkúta,
omi ń kán tó, tó, tó sẹ́yìn rẹ̀
bí ẹni ń ka ohun tí èmi ò kà.

Ẹ má ní wọ́n rẹ́ni jẹ. Bébà pé, iye pé.
Àwọn tó fẹ́ kómi sún mọ́lẹ̀ ló pín ara wọn sí méjì,
òkè sì gba àárín wọn kọjá.
Èmi náà wà nínú mẹ́tàlá.

Lọ́dún yìí owó tún ṣẹ́kù.
Ṣóbándé ń fẹ́ géètì, àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ iná olóòrùn.
Gọ́tà náà wà níbẹ̀,
bí ọmọ tí wọn ò pè sídìí oúnjẹ.
Mo ti yọ bírò
kí Mótùnráyọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ tó la ẹnu:
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìka mẹ́wàá l'Ọlọ́run fún mi.
Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀kan lẹ máa ń ní kí n tẹ̀?"

Ẹ̀rín sọ. Kò rẹ́rìn-ín.
Ó to abọ́ ike mẹ́ta, ó bu òkúta wẹ́wẹ́ nílẹ̀
(ìyẹn ò kúkú wọ́n l'Ábẹ́òkúta).
"Gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá lè bá gbé, ẹ sọ ẹyọ kan sí i.
Èyí tẹ́ ẹ ò lè fara mọ́, ẹ rékọjá rẹ̀."

Ṣóbándé ní, "Ta ló ń fẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà?"
Ìyá Ẹfúnyẹmí dá a lóhùn:
"Nígbà táwọn baba wa sá dé abẹ́ Olúmọ,
ṣé ibi tó wu kálukú jù ni wọ́n ń wá?
Ibi tí gbogbo wọn lè sùn mọ́jú ni."

Mo ka òkúta, mo tún un kà.
Géètì, mẹ́rìnlá.
Iná, mọ́kàndínlógún.
Gọ́tà, mẹ́tàlélógún.
Gọ́tà! Tí ẹnikẹ́ni ò fi lálàá rí!
Ṣóbándé pàápàá sọ òkúta sí i, ojú mi ló ṣe;
àgbàrá ò mọ ilé olówó.

Ṣùgbọ́n Bàbá Ṣówándé dúró tì mí, ó ní,
"Mo sọ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé mo wá sọ nǹkan kan?"
Gbọ́láhàn, tí àbúrò rẹ̀ ṣubú lókùnkùn tó kán lápá,
mú òkúta rẹ̀ kúrò nínú abọ́, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́:
"Tèmi wúwo ju tiyín lọ. Abọ́ yín ò mọ̀."
N kò rí èsì fún ẹnì kankan nínú wọn.

Lálẹ́, mo ṣí ìwé ọdún yẹn.
"Òkè ló wọlé." Ọwọ́ mi nìyẹn, yíǹkì ò tíì ṣá.
N kò pa á rẹ́.
Mo kọ mẹ́tàdínlógún sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo sọ̀ kalẹ̀
lọ kanlẹ̀kùn Ìyá Ẹfúnyẹmí.