Iná Kẹta

Ní Klaksvík, níbi tí òkè ti ki ẹsẹ̀ bọ inú òkun,
gbogbo alẹ́ Ọjọ́rú ni Rannvá ń jókòó ti ìrántí.
Kì í ṣe tirẹ̀. Ti ẹ̀rọ tó ń bá wọn ṣọ́ èbúté ni,
ẹ̀rọ tí kì í sùn, tí kì í mu kọfí,
tó ń kó gbogbo ohun tó bá gbọ́ sápò
bí ọmọdé tó ń ṣa ìkarahun létí omi:
èyí tó dán, èyí tó fọ́,
èyí tí nǹkan ṣì ń gbé inú rẹ̀.

Bí ó bá fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì péré,
yóò máa sọ̀rọ̀ bí arúgbó tí oorun ń kùn.
Yóò ní epo ti wọ́n. Ti èṣí ni.
Yóò ní Jákup kì í gbé fóònù láàárọ̀,
Jákup tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, tó ń sin àgùntàn ní Viðareiði.
Ó kọ ọ́ nígbà mẹ́rin pé afẹ́fẹ́ àríwá ń já okùn ọkọ̀:
àkọsílẹ̀ mẹ́rin, afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo.

Rannvá a fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.
Mẹ́rin di ẹyọ kan. Méjì tó ń ta ko ara wọn,
ó bi wọ́n léèrè ọjọ́ orí;
níbí nìkan ni àbúrò ti ń lé ẹ̀gbọ́n dìde lórí àga.

Ó wá kan èyí:
"Iná kẹta, apá ìlà-oòrùn. Má pa á
títí Hanus yóò fi dé. Ó máa ń pẹ́ lójú omi."

Hanus.
Ìgbà òtútù méjì ti kọjá lórí ibojì rẹ̀.
Wọ́n ti ta ọkọ̀ rẹ̀ fún ará Suðuroy kan, ó ti kùn ún ní pupa.
Síbẹ̀ lálaalẹ́, ẹ̀rọ ń dúró dè é.
Iná ń tàn. Owó iná ń gun òkè. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀.

Ó gbé ìka lé e. Ó gbé ìka kúrò.
Ó mọ Hanus: ọkùnrin tí kì í kíni lẹ́ẹ̀mejì,
tó máa ń fi ẹja sẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn.
Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́, a kì í fi àánú tún àká ṣe.
Ó pa á rẹ́. Ó wọ bùútù. Ó gba ilé lọ.
Lẹ́yìn rẹ̀, iná kẹta kú.

Ìdájí Ọjọ́bọ̀, Bárður já wọlé, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀:
"Ta ló pa iná ìlà-oòrùn?"
Òun ò mọ Hanus rí, ọdún tó kọjá ló dé.
Ohun tó mọ̀ ni pé bí ìkúukùu bá bo ẹnu èbúté,
tí o fi iná yẹn sí èjìká òsì,
àpáta abẹ́ omi ò ní rí ọ mú.
"Gbogbo wa la ń fi wọlé. Ṣé o ò mọ̀ ni?"
Ìhà ọkọ̀ rẹ̀ ti họ. Ó ní ọpẹ́ ni pé ọ̀dà nìkan ló bá a lọ.

Rannvá ò mọ̀. Ẹ̀rọ náà ò mọ̀.
Iná ò kú rí;
ta ní í ròyìn ohun tí kò yẹ̀?

Ó jókòó láìbọ́ kóòtù, ó tún un kọ:
"Iná kẹta. Má pa á kí ilẹ̀ tó mọ́.
Àwọn ọkọ̀ ń fi í tọ́nà nínú ìkúukùu. Bárður ló sọ ọ́, lónìí.
Tẹ́lẹ̀, nítorí Hanus ni. Hanus ti kú. Má dúró dè é mọ́.
Ẹni tó bá fẹ́ pa iná yìí, kó kọ́kọ́ bi àwọn tó wà lójú omi."

Ẹ̀rọ gbà á. Kò kẹ́dùn, kò sì jiyàn.
Rannvá wo apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí rẹ̀:
mọ́kànlélógójì ló pa rẹ́ lánàá.
Ó fa àga sún mọ́ tábìlì,
ó ṣí àkọ́kọ́.