Àtẹ Ara Fíríìjì

Mo kọ́kọ́ fi kálà mẹ́ta yà á:
pupa fún ìṣirò, àwọ̀ ewé fún àkàyé,
búlúù fún irú àlọ́ tí kò lórin:
ta ló jókòó ti ta, ta ni kò mu tíì.
Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Mẹ́jọ!
Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì bí òfin ìlú.
Lọ́jọ́ kẹta, mo sùn lórí ìbéèrè kẹrìnlá,
itọ́ mi ya àwòrán odò Humber sójú ìwé.

Oòrùn oṣù kẹjọ ní Hull kò mọ ìgbà tó ń lọ sílé.
Aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ṣì jókòó sórí òrùlé àwọn ará iwájú
bí àlejò tó ti jẹun tán tí kò dìde.
Ìdájí ò tíì mọ́ dáadáa, ó ti tún dé.
Ta ni irú oòrùn bẹ́ẹ̀ fẹ́ kọ́ ní ètò?

Ìdánwò tí wọ́n fi ń yan dókítà lọ́la
kò bi mí bóyá mo mọ egungun.
Kò béèrè ẹ̀dọ̀, kò béèrè ọkàn.
Aago ló ń béèrè.
Ìbéèrè kan, àkókò rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan,
mo sì wá mọ ìdí táwọn àgbà fi pè é ní ìṣẹ́jú:
o ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ó ti lọ.

Màámi máa ń dé láago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú
láti ilé àwọn arúgbó ní ọ̀nà Holderness.
Bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kan lọ́wọ́,
oorun ti gbé e kó tó fara kan àga.
Wọ́n ní ẹni tó sùn là á jí;
èmi ò jí i. Mo pa rédíò,
mo gbé ìwé mi lọ sórí àtẹ̀gùn,
ìpele kẹrin, èyí tí kì í dún.

Aago tí a fi ń se ẹyin, adìẹ onírọ́bà kékeré ni.
Mo yí i lọ́rùn sí ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n,
mo tì í bọnú ìbọ̀sẹ̀ kí igbe rẹ̀ má baà jí ilé.
Ìgbà méjì kí n tó mú Ìníolúwa lọ síbi bọ́ọ̀lù,
ìgbà kan nínú bọ́ọ̀sì,
ìgbà kan lẹ́yìn tí mo bá fọ abọ́ tán.
Àpapọ̀ rẹ̀ ò tó wákàtí méjì.
Ojú kọ́kọ́ tì mí.
Fẹ̀hìntọlá, ọ̀rẹ́ mi ní Leeds, ń ka wákàtí mẹ́fà,
ó ń fi àwòrán tábìlì rẹ̀ ránṣẹ́, tàbẹ́là tòdòdó.
Ṣùgbọ́n n kò sùn sórí ìwé mọ́.
Máàkì mi gòkè, ó sọ̀, ó tún gòkè,
bí omi òkun tó ń wọ Humber tó ń jáde.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, Màámi ní àyà òun ń sáré.
Mo ní kó jókòó. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú,
mo yí adìẹ sí ìṣẹ́jú kan, mo ń kà:
mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún.
Ó mu omi. Mo tún kà á: méjìlélọ́gọ́rin.
Látọjọ́ tí mo ti ń bá aago sáré,
n kò tíì rí ìṣẹ́jú tó gùn tó ìyẹn.
Ó rẹ́rìn-ín: “Dókítà, eélòó lowó yín?”
Mo ní kó lọ rí dókítà gidi.
Ó ní bí òun bá ráyè.
Mo bọ́ sídìí fíríìjì, mo fi pupa
kọ “Màámi” sí àárọ̀ ọjọ́ Ajé.
Kí ìṣirò sún sẹ́yìn ná.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé Ìníolúwa ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi.
Ní ojú ọjọ́ Ìsinmi, pẹ́ńsù rẹ̀ wọ́ gbágbágbá: ERÉ.
Mo mú ìparẹ́. Mo wò ó.
Mo dá ìparẹ́ padà sáyè rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún.
Adìẹ ti ń ké nínú ìbọ̀sẹ̀.